Ilé-Olódi Rochester àti Ìwé Àdéhùn Ńlá

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ ìtàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ẹ̀kọ́ ni ó mọ ọdún 1215. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹfà ọdún náà ni Ọba John tẹ èdìdì rẹ̀ mọ́ Ìwé Àdéhùn Ńlá, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní Magna Carta, ní pápá Runnymede lẹ́bàá odò Thames. Àwa olùkọ́ a máa kọ ọdún náà sí ojú pátákó. Àwọn ọmọ a máa kà á ní àkàtúnkà. Bí ìdánwò bá sì ti kọjá, olúkúlùkù a rò pé ọ̀ràn náà ti parí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kan, ọmọ kan nínú kíláàsì wa na ọwọ́ sókè, ó sì bi wá pé, "Tíṣà, bí ọba bá ti tẹ èdìdì sí ìwé náà, kí ni ó tún mú kí wọ́n jagun ní ọdún kan náà?" Ìbéèrè yìí dára ju ìdáhùn tí a fún un ní ọjọ́ náà lọ. Nítorí náà ni a ṣe jókòó láti ṣe ìròyìn bí a ti sàga ti ilé-olódi Rochester, kí ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè rí ohun tí ó tẹ̀lé èdìdì náà.

Kí a tó dé ibi odi, ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú ẹni tí ọba náà í ṣe. John ni àbíkẹ́yìn nínú àwọn ọmọkùnrin Ọba Henry Kejì. A bí i ní ọdún 1166, ó sì jọba ní ọdún 1199 nígbà tí Richard ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kú. Kì í ṣe òmùgọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. A máa rin ilẹ̀ rẹ̀ já láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, a sì máa jókòó gbọ́ ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò sí ẹni tí ó lè gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ní iwájú rẹ̀. Arthur, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tí àwọn kan rò pé òun ni adé tọ́ sí, bọ́ sí i lọ́wọ́ lójú ogun ní ọdún 1202. Láti ọdún 1203 ni ẹnikẹ́ni kò ti rí ọmọkùnrin náà mọ́. Ìjòyè kan wà tí ó jẹ ọba ní gbèsè ńlá, William de Briouze ni orúkọ rẹ̀. Nígbà tí ọba kò rí òun tìkára rẹ̀ mú, ó mú Matilda aya rẹ̀ àti àkọ́bí ọmọ wọn, ó tì wọ́n mọ́ ilé, ebi sì pa àwọn méjèèjì kú níbẹ̀ ní ọdún 1210.

Ọ̀ràn owó tún wà pẹ̀lú. Ní ọdún 1204, ọba ilẹ̀ Faransé gba ilẹ̀ Normandy tí í ṣe ilẹ̀ àwọn baba John lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ìgbà náà ni John ti ń wá owó tí yóò fi gba ilẹ̀ náà padà. Owó kan wà tí àwọn ìjòyè a máa san bí wọn kò bá bá ọba lọ sí ogun, tí à bá máa pè ní Owó Asà ní èdè wa. John bu owó yìí lé wọn ní ìgbà 11 láàrín ọdún 16. Opó tí kò bá fẹ́ kí ọba fi òun fún ọkọ mìíràn ní láti sanwó. Ọmọ tí baba rẹ̀ kú ní láti san owó gọbọi kí ó tó lè jogún ilẹ̀ baba rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ kí a tètè gbọ́ ẹjọ́ òun, owó ni yóò fi ṣí ilẹ̀kùn ilé-ẹjọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ọba bá ìjọ Ọlọ́run jà pẹ̀lú, nítorí kò fẹ́ gba Stephen Langton ní Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury. Póòpù Innocent Kẹta sì pàṣẹ kí a ti ilẹ̀kùn ìsìn ní gbogbo ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 1208 títí di ọdún 1214, agogo ilé Ọlọ́run kò dún, a sì ń sin òkú láìsí àlùfáà. Ní ọdún 1213 ni John túúbá, ó sì fi gbogbo ilẹ̀ rẹ̀ sábẹ́ Póòpù. Ẹ fi èyí sí ọkàn, nítorí yóò wúlò fún un nígbà tí ó bá yá.

Ní ọdún 1214, gbogbo owó tí ó ti kó jọ ṣègbé ní ọjọ́ kan ṣoṣo, nígbà tí ọba Faransé ṣẹ́gun àwọn alájọṣe rẹ̀ ní Bouvines. John padà wá sílé ní ọwọ́ òfo, ó sì tún ń béèrè Owó Asà. Sùúrù àwọn ìjòyè wá tán. Ní ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún ọdún 1215, wọ́n wọ ìlú London, ọba sì rí i pé kò sí ọ̀nà àbáyọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pàdé ní Runnymede.

A ti pín ìwé náà sí orí 63 báyìí. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀ràn ogún, ti opó, ti gbèsè, ti òṣùwọ̀n ọjà, àti ti ìdẹ ẹja nínú odò. Ṣùgbọ́n àwọn orí mélòó kan wà níbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ wọn kò tíì gbó. Wọ́n wí pé a kò gbọdọ̀ mú òmìnira ènìyàn kan, tàbí kí a tì í mọ́ ilé, tàbí kí a gba ilẹ̀ rẹ̀, bí kò ṣe nípa ìdájọ́ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tàbí nípa òfin ilẹ̀. Wọ́n wí pé ọba kì yóò ta ìdájọ́ òdodo fún ẹnikẹ́ni, kì yóò fi dù ú, kì yóò sì fi falẹ̀. Ní ìkẹyìn, a yan ìjòyè 25 láti máa ṣọ́ ọba, kí wọ́n sì fi agbára mú un bí ó bá yẹ àdéhùn. Ọ̀kan nínú àwọn 25 yìí ni William d'Aubigny, olúwa Belvoir, ẹni tí a óò tún bá pàdé.

Kí a má ṣe tan ara wa jẹ. Àwọn ìjòyè wọ̀nyí kì í ṣe ẹni mímọ́. Ọ̀ràn ara wọn ni ó ká wọn lára jù. Nínú àwọn ará oko ìgbà náà, púpọ̀ ni a so mọ́ ilẹ̀ olúwa wọn, tí a kò sì kà sí òmìnira ènìyàn. Orí ìwé tí ó dára jù lọ kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n bí a bá ti sọ ọ̀rọ̀ rere jáde, a máa lọ jìnnà ju ibi tí ẹni tí ó sọ ọ́ rán an sí.

Inú John kò dùn sí ìwé náà rárá. Kò pẹ́ tí ó fi ránṣẹ́ sí Póòpù tí ó ti di olúwa rẹ̀, pé tipátipá ni wọ́n fi gba èdìdì lọ́wọ́ òun. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ, kí oṣù mẹ́ta tó pé, Póòpù kéde pé ìwé náà di asán. Àwọn ìjòyè náà kò mọ́ tónítóní, nítorí wọn kò fi London sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n dá. Ṣùgbọ́n ti ọba ni ó burú jù, nítorí ọba ni ó búra láti jẹ́ orísun òfin. Àwọn àgbà wa wí pé ẹyin lohùn. Bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́. Ohùn ọba fọ́ ní ọdún náà, ogun sì bẹ́ sílẹ̀. Ibi tí ogun náà ti gbóná jù lọ ní ọdún náà ni Rochester.

Ìlú Rochester wà ní ilẹ̀ Kent, ní ibi tí ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn ará Róòmù là láti Dover àti Canterbury lọ sí London gbé kọjá odò Medway lórí afárá. Ẹni tí ó bá ti etí òkun bọ̀ tí ó sì ń lọ sí London, ibẹ̀ ni yóò gbà. Ìlú ìjọ Ọlọ́run ni pẹ̀lú; láti ọdún 604 ni Bíṣọ́ọ̀bù ti wà níbẹ̀, tí a sì ya kàtídírà rẹ̀ sí mímọ́ ní orúkọ Ándérù Mímọ́ Àpọ́sítélì.

Ní ẹ̀bá afárá náà ni ilé-olódi dúró sí. Gundulf, Bíṣọ́ọ̀bù Rochester, ni ó fi òkúta mọ odi yí i ká ní òpin ọ̀rúndún kọkànlá. Ní ọdún 1127, Ọba Henry Kìn-ín-ní fi ìtọ́jú rẹ̀ lé àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà ti Canterbury lọ́wọ́, William de Corbeil tí ó wà ní ipò náà sì kọ́ ilé-ìṣọ́ ńlá kan sí inú odi náà. Onígun mẹ́rin ni ilé-ìṣọ́ yìí. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 113, nínípọn ògiri rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ sì tó ẹsẹ̀ bàtà 12. Bí ọkùnrin méjì bá dùbúlẹ̀, tí orí ọ̀kan kan ẹsẹ̀ èkejì, wọn kò lè gùn ju bí ògiri náà ti nípọn lọ. Ògiri ńlá kan là á láàrín láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Kànga wà nínú ògiri àárín yìí, tí a lè gbà fa omi dé gbogbo àjà ilé náà. Kí òǹkàwé wa má ṣe gbàgbé ògiri àárín yìí.

Ní ọdún 1215, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Stephen Langton ni a fi ilé-olódi náà sí ìkáwọ́ rẹ̀. Ọba bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè rẹ̀, ṣùgbọ́n Langton kò fi í fún un. Aṣojú rẹ̀ níbẹ̀, Reginald láti Cornhill, ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn ìjòyè tí ó dìde sí ọba. William d'Aubigny ni wọ́n fi ṣe olórí àwọn tí ó wọlé. Àwọn akọ̀wé-ìtàn kò fohùn ṣọ̀kan lórí iye wọn: àwọn kan ní ẹlẹ́ṣin 95, àwọn mìíràn ní 140, pẹ̀lú àwọn tí ń ta àkàtàm̀pó àti àwọn ọmọ-ogun ẹlẹ́sẹ̀. Roger ti Wendover, tí í ṣe ajẹ́jẹ̀ẹ́-ẹ̀sìn ní ilé ìsìn St. Albans, kọ ọ́ pé nígbà tí wọ́n wọlé, wọn kò bá oúnjẹ, wọn kò sì bá ohun ìjà níbẹ̀. Àwọn kan fẹ́ padà. D'Aubigny ni ó gba ọ̀rọ̀ sọ pé ìtìjú ni fún akọni láti fi ibi tí a fi ṣọ́ ọ sílẹ̀. Wọ́n bá sáré kó oúnjẹ tí wọ́n rí ní ìlú wọlé. Ṣùgbọ́n láàrín ọjọ́ díẹ̀, ogun ọba dé.

Ọba tìkára rẹ̀ dé ní ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá. Àwọn ọmọ-ogun rẹ̀ pọ̀, àwọn tí ó fi owó háyà láti òkè òkun sì wà nínú wọn. Ohun kìn-ín-ní tí wọ́n dojú kọ ni afárá, kí ìrànlọ́wọ́ má ba à lè wá láti London. Robert FitzWalter àti àwọn ènìyàn rẹ̀ kọ́kọ́ lé wọn sẹ́yìn, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn afárá náà wó, àwọn tí ó wà nínú odi sì di ẹni àhámọ́. Akọ̀wé-ìtàn ìgbà náà kan sọ pé àwọn ọmọ-ogun ọba so ẹṣin wọn mọ́ inú kàtídírà. Ẹ wo bí ayé ti yí padà: ọba tí ó pe Póòpù ní olúwa rẹ̀ ni àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ ilé Ọlọ́run di ibùjẹ ẹran.

Ọba to ẹ̀rọ ńlá márùn-ún kalẹ̀, irú èyí tí ń sọ òkúta. Tọ̀sán-tòru ni wọ́n ń sọ òkúta lu ilé náà, bí àwọn kan bá sì rẹ̀, àwọn mìíràn a rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n òkúta ń lu òkúta lásán ni. Nígbà tí ọba rí èyí, ó ránṣẹ́ sí àwọn alágbẹ̀dẹ Canterbury pé kí wọ́n máa rọ irin ìwalẹ̀ tọ̀sán-tòru, iye tí wọ́n bá lè rọ. Kò fẹ́ ti òkè wó odi náà mọ́; abẹ́ ilẹ̀ ni ó fẹ́ gbà.

Nígbà tí èyí ń lọ, kí ni àwọn ìjòyè tí ó wà ní London ń ṣe? Wọ́n ti búra fún d'Aubigny pé bí ọba bá sàga tì í, àwọn yóò wá gbà á. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá, wọ́n jáde pẹ̀lú ẹlẹ́ṣin 700. Wọ́n dé Dartford, tí kò jìnnà sí Rochester, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti yí ẹṣin wọn padà. Ọ̀rọ̀ tí Roger ti Wendover kọ nípa wọn gún ni lára: ó ní wọ́n padà sí ìdí ọtí àti ìdí ayò ní London, wọ́n sì fi àwọn arákùnrin wọn sílẹ̀ nínú ìhámọ́. Gbogbo ẹni tí ó ti dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ rí ni ó mọ irú èyí. Ọ̀pọ̀ ni yóò tọwọ́ bọ̀wé. Díẹ̀ ni yóò dúró nígbà tí òkúta bá bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

A dé ibi kan nínú ìtàn yìí wàyí tí a kò fẹ́ kí ọmọ kankan fò kọjá. Roger kan náà ni ó sọ ọ́. Ní ọjọ́ kan, ọba àti balógun rẹ̀ Savari de Mauléon ń rìn yí odi ká, wọ́n ń wo ibi tí ó rọ̀. Ọkùnrin kan tí ó mọ àkàtàm̀pó ta dáradára rí wọn láti orí odi. Ó wí fún d'Aubigny pé, bí olúwa òun bá fẹ́, òun lè fi ọfà kan ṣoṣo pa ọba tí í ṣe ọ̀tá wọn. Ọfà kan, ogun ìbá parí! D'Aubigny dáhùn pé rárá, kò tọ́ kí wọ́n pa ẹni tí a fi jọba. Ọkùnrin náà ní ọba kì yóò dá wọn sí bí àyè bá gbà á. D'Aubigny ní ọwọ́ Ọlọ́run ni ìyẹn wà, kì í ṣe ọwọ́ ọba. Roger fi í wé Dáfídì, tí ó rí Sọ́ọ̀lù nínú ihò tí kò sì pa á.

Àwọn kan nínú wa lè rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a rò ó dáradára. Kí ni ọkùnrin yìí ń jà fún? Ó ń jà kí ọba má ṣe pa ẹnikẹ́ni láìsí ìdájọ́. Bí òun bá wá pa ọba láìsí ìdájọ́, kí ni ó kù tí ó ń jà fún? Ẹni tí ó bá fẹ́ kí òfin de ọba, òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ fi ọrùn sábẹ́ òfin náà.

Lábẹ́ ilẹ̀, iṣẹ́ kò dúró. Àwọn awalẹ̀ ọba ti wó apá kan odi ìta, àwọn tí ń jà sì ti sá wọ inú ilé-ìṣọ́ ńlá. Ó wá ku ilé-ìṣọ́ náà. Báyìí ni a ṣe ń ṣe irú iṣẹ́ náà. Wọn yóò wa ihò dé abẹ́ ìpìlẹ̀ ilé, ní ibi igun rẹ̀. Bí wọ́n ti ń kó erùpẹ̀ àti òkúta kúrò, ni wọ́n ń fi òpó igi gbé ilé náà ró, kí ó má ba à wó lé wọn lórí. Bí ihò bá ti tó, wọn yóò kó igi gbígbẹ àti ohun tí ń tètè jó kún inú rẹ̀, wọn yóò ti iná bọ̀ ọ́, wọn yóò sì sá jáde. Bí òpó bá jóná tán, kò sí ohun tí ó gbé igun náà ró mọ́.

Iná tí yóò jó irú igi bẹ́ẹ̀ nínú ihò tútù gbọ́dọ̀ gbóná gidigidi. Ní ọjọ́ 25 oṣù kọkànlá, ọba kọ ìwé sí Hubert de Burgh, adájọ́ àgbà rẹ̀, pé kí ó fi 40 ẹlẹ́dẹ̀ ránṣẹ́ kíákíá, àwọn tí ó sanra jù tí kò sì dára fún jíjẹ, kí òun lè fi wọ́n dáná sábẹ́ ilé-ìṣọ́. Àṣẹ náà ṣì wà nínú àkọsílẹ̀ ìjọba títí di òní. Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ ni ó ṣe ohun tí ẹ̀rọ márùn-ún kò lè ṣe. Iná mú, òpó jó, igun ilé-ìṣọ́ tí ó wà ní ìhà gúúsù àti ìlà-oòrùn sì ya lulẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Èrò gbogbo ènìyàn ni pé ó ti parí. Kò parí. Àwọn tí ó wà nínú ilé sá lọ sí ẹ̀yìn ògiri àárín tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọ́n sì ń jà láti ibẹ̀. Ìdajì ilé wà lọ́wọ́ ọba, ìdajì wà lọ́wọ́ wọn, ògiri kan ṣoṣo ni ó wà láàrín. Ebi ni ó ṣẹ́gun wọn. Oúnjẹ ti tán. Ẹran ẹṣin àti omi nìkan ni ó kù, títí kan àwọn ẹṣin ogun olówó iyebíye tí olúwa wọn fẹ́ràn bí ọmọ. Wọ́n rán àwọn tí kò lágbára láti jà mọ́ jáde, kí oúnjẹ lè tó àwọn yòókù. Akọ̀wé-ìtàn kan sọ pé ọba gé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ àwọn kan nínú wọn. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá, tí í ṣe ọjọ́ Ándérù Mímọ́, olúwa kàtídírà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọ́n jọ̀wọ́ ara wọn. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méje tí ọba ti dó tì wọ́n. Akọ̀wé-ìtàn ìgbà náà jẹ́rìí pé kò sí ìsàgatì tí ó le tó bẹ́ẹ̀ ní ìran tirẹ̀, kò sì sí èyí tí a fi ìgboyà dúró sí tó bẹ́ẹ̀.

Inú ọba ru. Ó pàṣẹ kí a to igi, kí a so gbogbo wọn kọ́, àti d'Aubigny tí ó dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Níhìn-ín ni Savari de Mauléon gbé dìde. Ẹni ọba ni, òun sì ni ó bá a rìn yí odi ká ní ọjọ́ tí ọfà ìbá ti bà wọ́n. Ó wí fún ọba pé ogun kò tíì parí. Bí ó bá pa àwọn wọ̀nyí lónìí, àwọn ìjòyè yóò pa àwọn ènìyàn rẹ̀ tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ lọ́la, kò sì sí ẹni tí yóò fẹ́ sin ín mọ́. Ọba kùn, ṣùgbọ́n ó gbọ́. Ó fi àwọn olórí sí ẹ̀wọ̀n, a sì gbé d'Aubigny lọ sí ilé-olódi Corfe. Ní ti àwọn tí ń ta àkàtàm̀pó, ìròyìn kò dọ́gba. Roger ní ọba so wọ́n kọ́. Akọ̀wé-ìtàn mìíràn ní ẹnì kan ṣoṣo ni, ọkùnrin kan tí ọba ti tọ́ láti kékeré. Èyí náà jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ẹni tí ń ka ìtàn: ẹlẹ́rìí méjì lè wà ní ìgbà kan náà kí ọ̀rọ̀ wọn má dọ́gba, iṣẹ́ wa sì ni láti fi wọ́n wé ara wọn.

Láti ìgbà tí Rochester ti wó, díẹ̀ ni ẹni tí ó tún gbẹ́kẹ̀ lé odi. Ọba John ti fi hàn pé kò sí ògiri tí òun kò lè wó. Ṣùgbọ́n kí ni ó jèrè? Àwọn ìjòyè ránṣẹ́ pe Louis, ọmọ ọba Faransé, ó sì gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Kent ní oṣù karùn-ún ọdún 1216, ó sì gba Rochester gan-an kúrò lọ́wọ́ ọba. Ìdajì ilẹ̀ náà kọ John sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, omi òkun gbé nínú ẹrù rẹ̀ lọ bí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti ń sọdá ibi tí a ń pè ní The Wash. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àìsàn pa á ní Newark. Kò tíì pé ọdún kan tí ó ṣẹ́gun ní Rochester.

Henry ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n fi jọba. Ẹ wá wo ohun tí William Marshal, àgbà ìjòyè tí ó di adelé fún ọmọ náà, kọ́kọ́ ṣe. Kò to ẹ̀rọ kalẹ̀, kò béèrè ẹlẹ́dẹ̀. Ní ọjọ́ 12 oṣù kọkànlá ọdún 1216, ó tún Ìwé Àdéhùn Ńlá gbé jáde, ó sì fi èdìdì tirẹ̀ àti èdìdì aṣojú Póòpù sí i. Ìwé tí a ti sọ di asán jí dìde. A yọ orí mélòó kan kúrò, èyí tí ó sọ nípa ìjòyè 25 wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n èyí tí ó de ọwọ́ ọba kúrò lórí ara òmìnira ènìyàn wà níbẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé àwọn lè rí òfin náà gbà láìjẹ́ pé wọ́n ń jà, ọ̀pọ̀ padà sí ọ̀dọ̀ ọba kékeré náà. D'Aubigny tìkára rẹ̀, lẹ́yìn tí a ti bu ìràpadà máàkì 6,000 lé e, wà nínú àwọn balógun ọba ní ogun Lincoln ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1217. Nínú oṣù kẹsàn-án ọdún náà, Louis padà sí ilé rẹ̀. A tún ìwé náà gbé jáde ní ọdún 1217 àti ní ọdún 1225, a sì kọ ọ́ sínú ìwé òfin ilẹ̀ náà ní ọdún 1297.

Ìrìn ìwé náà kò dúró ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé-ẹjọ́ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ilẹ̀ wa gba òfin wọn wá, nígbà tí a sì kọ Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999, ìpín 35 wí pé a kò gbọdọ̀ gba òmìnira ẹnikẹ́ni bí kò ṣe nípa ọ̀nà òfin, ìpín 36 sì wí pé a gbọdọ̀ gbọ́ ẹjọ́ olúkúlùkù láìṣègbè, kí ó má sì pẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ. Òǹkàwé tí ó bá fi ọ̀rọ̀ wọ̀nyí wé ti Runnymede yóò rí i pé ìbátan ni wọ́n.

Ilé-ìṣọ́ Rochester ṣì dúró títí di òní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní òrùlé mọ́. Ẹni tí ó bá wò ó yóò rí ohun kan tí ó ṣàjèjì: igun mẹ́ta rẹ̀ ní orígun bí ti ilé gbogbo, ṣùgbọ́n ìkẹrin rí róbótó. Igun tí ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wó ni, tí Ọba Henry Kẹta, ọmọ John, tún mọ. Ìwé mẹ́rin nínú àwọn tí a kọ ní ọdún 1215 sì ṣì wà pẹ̀lú: méjì ní London, ọ̀kan ní Lincoln, ọ̀kan ní Salisbury. Awọ ẹran lásán ni wọ́n. Iná tí ó wó òkúta ìbá jó wọn ní ìṣẹ́jú kan.

Nítorí náà, bí ọmọ kíláàsì wa bá tún bi wá ní ìbéèrè rẹ̀, a ti mọ ohun tí a óò fi dá a lóhùn. Èdìdì nìkan kò tó. Ìwé kò ní ọwọ́, kò sì ní ẹsẹ̀. Àwọn ènìyàn ni í dúró tì í. Àwọn kan sọ pé àwọn yóò dúró, wọ́n sì yí padà ní Dartford. Àwọn kan dúró títí wọ́n fi jẹ ẹṣin wọn tán. Ọ̀kan nínú wọn sì dúró tì í ní ọjọ́ tí ó ṣòro jù lọ, nígbà tí ọ̀tá rẹ̀ wà ní iwájú ọfà rẹ̀, tí ó sì wí pé, "Rárá."